Ìmúrasílẹ̀ Kí A Tó Pààrọ̀ Windows Inú Kọ̀ǹpútà Ilé Wa

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10 dúró. Kọ̀ǹpútà tí ó ń lò ó kò kú o. Ó ń ṣiṣẹ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí lára rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí yóò bá wa dí i, àyàfi àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń lọ sí Windows 11.

Kí a kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ wa lè gbé e. Ó ń béèrè RAM 4GB, àyè ìpamọ́ 64GB, àti ohun ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Ètò ọ̀fẹ́ tí ó ń jẹ́ PC Health Check yóò yẹ̀ ẹ́ wò fún wa. Bí ó bá ní kò sí TPM, ẹ má tíì sáré lọ ra kọ̀ǹpútà mìíràn: lọ́pọ̀ ìgbà ó wà níbẹ̀, wọ́n kàn pa á ni, a sì lè tàn án nínú BIOS.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká ni BitLocker ti ti gbogbo inú rẹ̀ pa láìjẹ́ pé ẹni tí ó ni ín mọ̀. Bí a bá fọwọ́ kan BIOS, ẹ̀rọ náà lè fura sí wa, kí ó béèrè kọ́kọ́rọ́ tí ó jẹ́ nọ́ńbà 48. Ẹni tí kò bá ní in, àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀, ìwé tí ó ti ń kọ láti ọdún márùn-ún, ó lọ nìyẹn. Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò lè bá a ṣí i. Nítorí náà, ẹ wá nọ́ńbà náà nínú àkáǹtì Microsoft yín, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kì í ṣe sínú kọ̀ǹpútà yẹn kan náà!

Lẹ́yìn èyí, kí a da àwọn fáìlì wa kọ sí dísìkì mìíràn (fíláàṣì tí gbogbo àdúgbò ń yá kò yẹ fún èyí), kí a ṣí mélòó kan wò níbẹ̀, kí a sì yọ dísìkì náà kúrò. Kí bátìrì kún dáadáa, nítorí bí iná bá lọ lágbede méjì, iṣẹ́ lè bàjẹ́.

Bí Windows 11 kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, ọjọ́ 10 péré ni a ní láti padà sí ti àtijọ́. Nínú ọjọ́ wọ̀nyí ni kí a ti dán ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa wò, àti bí a ṣe ń tẹ lẹ́tà Lárúbáwá.