Ṣé agbẹjọ́rò lè jẹ̀bi bó bá ran agbanisíṣẹ́ lọ́wọ́ láti hùwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà?

Ní Tema, ìlú èbúté tó wà lẹ́bàá Accra ní orílẹ̀-èdè Ghana, àwọn ọmọ onílẹ̀ àti àwọn àjèjì jọ ń ṣiṣẹ́ ní èbúté àti ní ilé iṣẹ́ ńláńlá. Bí wọ́n bá lé òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ nítorí ẹ̀yà tàbí àwọ̀ rẹ̀, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ni gbogbo ènìyàn máa ń dá lẹ́bi. Agbẹjọ́rò tó bá a wá ọgbọ́n tí yóò fi bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ ńkọ́?

Kí ni òfin Ghana sọ?

Abala 17 nínú ìwé òfin Ghana ti ọdún 1992 kò fàyè gba kí wọ́n fi ẹ̀yà, àwọ̀ tàbí orírun ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Abala 14 nínú òfin iṣẹ́ ti ọdún 2003 ka irú ìwà bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ fún agbanisíṣẹ́. Abala 63 sì sọ pé lílé òṣìṣẹ́ nítorí rẹ̀ kò bófin mu. Ẹni tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí lè gbé ẹ̀sùn lọ sí àjọ National Labour Commission, tó lè pàṣẹ kí wọ́n gbà á padà tàbí kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún un.

Agbanisíṣẹ́ ni abala 14 náà dojú kọ. Ní Bìrìtìkó, òfin dárúkọ olùrànlọ́wọ́ pẹ̀lú.

Ìrànlọ́wọ́ wo ló di ẹ̀ṣẹ̀?

Láti ọdún 1976 ni òfin Bìrìtìkó ti sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti hùwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà yóò jẹ nínú ẹ̀bi rẹ̀. Abala 112 nínú òfin Equality Act ti ọdún 2010 ló ń ṣọ́ ọ lónìí.

Ní ọdún 2001, àwọn adájọ́ House of Lords gbọ́ ẹjọ́ Anyanwu, nípa akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ South Bank University ní London. Wọ́n ní yunifásítì náà ran ẹgbẹ́ ọ̀hún lọ́wọ́ láti ya àwọn sọ́tọ̀. Àwọn adájọ́ ní ìtumọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni "ìrànlọ́wọ́" ní, wọ́n sì dá ẹjọ́ náà padà kí wọ́n lè gbọ́ ọ.

Ní ọdún 2007, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní England ṣàlàyé ti agbẹjọ́rò. Èyí tó bá fi òótọ́ inú sọ ohun tí òfin wí fún oníbàárà rẹ̀ kò ṣe ìrànlọ́wọ́ fún ìwà àìtọ́. Èyí tó bá kọjá ìmọ̀ràn, tó di alábàáṣe, kò lè fi iṣẹ́ rẹ̀ bojú.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ṣòro, nítorí òfin dáàbò bo àṣírí àárín agbẹjọ́rò àti oníbàárà rẹ̀.

Kí ni òṣìṣẹ́ lè ṣe?

Kó tọ́jú gbogbo lẹ́tà tó bá gbà, kó sì kọ ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sílẹ̀. Ní Ghana, ìgbìmọ̀ General Legal Council ló ń bá agbẹjọ́rò tó bá ṣẹ̀ sí ìlànà iṣẹ́ wí.