Ìjókòó Kẹ̀kẹ́ fún Ìrìn Àjò Gígùn: Ìrora Tí Ọ̀pọ̀ Ènìyàn Ń Fi Pamọ́

Nígbà tí mo ń bá àwọn òṣìṣẹ́ àjẹsára rìn ní àwọn abúlé kan ní Ìpínlẹ̀ Niger, kẹ̀kẹ́ ni àwọn kan nínú wọn máa ń gùn, kúlà abẹ́rẹ́ lẹ́yìn wọn, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin tí ó ti lé ní ogójì ọdún, pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Pẹ̀lú ìtìjú ni ó fi sọ fún mi pé ojú ara òun kò mọ nǹkan lára mọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òun kò sì lè sọ ọ́ fún ìyàwó òun. Ó rò pé ayé ni ó ń bá òun jà. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ní kí ó fi hàn mí. Ilé iṣẹ́ tí ó ra kẹ̀kẹ́ fún wọn ra ìwọ̀n kan ṣoṣo fún ẹni gíga àti ẹni kúkúrú, fún ọkùnrin àti obìnrin, kò sì sí ẹni tí ó kọ́ wọn bí a ti ń tún ìjókòó rẹ̀ ṣe.

Kí ni ó ń fa ìrora náà?

Bí a bá jókòó lórí àga líle, egungun méjì tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ìdí ni ó ń gbé wa ró. Bí ẹ bá jókòó lé àtẹ́lẹwọ́ yín, ẹ ó kàn wọ́n. Àwọn egungun wọ̀nyí lè gba ìwúwo ara. Ṣùgbọ́n láàárín wọn, láti ihò ìdí títí dé ojú ara, ẹran rírọ̀ ni ó wà níbẹ̀, inú rẹ̀ sì ni àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ àti àwọn iṣan ìmọ̀lára tí ń lọ sí ojú ara gbà kọjá. Bí ìjókòó kẹ̀kẹ́ bá há jù, tàbí tí imú rẹ̀ bá yọ sókè, ìwúwo ara yóò kúrò lórí egungun, yóò sì tẹ àwọn iṣan náà mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ yóò kọ́kọ́ máa ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí rẹ̀. Bí a kò bá sọ̀kalẹ̀, yóò kú. Ó ń ṣe obìnrin náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ọkùnrin ni a máa ń gbọ́ jù.

Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ ní NIOSH, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣe ìwádìí nípa ìlera òṣìṣẹ́, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n fún àwọn ọlọ́pàá 90 tí ń fi kẹ̀kẹ́ ṣọ́ ìlú ní ìjókòó tí kò ní imú, wọ́n sì lò ó fún oṣù mẹ́fà. Ṣáájú ìgbà náà, ìdá 27 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó sọ pé ojú ara àwọn kì í kú bí àwọn bá ń gun kẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà náà, ó di ìdá 82. Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní ọjà wa, ṣùgbọ́n ohun tí ìwádìí náà fi hàn wúlò fún gbogbo wa: imú ìjókòó ni kí a kọ́kọ́ fura sí.

Ìjókòó wo ni ó yẹ yín?

Ẹ má ṣe sáré ra èyí tí fóòmù rẹ̀ nípọn jù lọ. Èyí ni àṣìṣe tí mo ń rí lójoojúmọ́. Fóòmù tí ó rọ̀ jù dùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá ti jìn, egungun ìdí yóò rì sínú rẹ̀, àárín yóò sì ru sókè sí ibi tí a kò fẹ́ kí nǹkan kan tẹ̀. Èyí tí ó le díẹ̀ tí ó sì fẹ̀ tó ni ó dára.

Láti mọ fífẹ̀ tí ó yẹ, ẹ tẹ́ páálí tí a fi ń di ọjà sórí bẹ́ǹṣì líle, ẹ jókòó lé e, ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni tí ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ẹ dìde. Egungun méjèèjì yóò ti fi ojú kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lára páálí náà. Ẹ fi rúlà wọ̀n láti àárín ọ̀kan sí àárín èkejì, kí ẹ sì fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 kún un. Bí ó bá jẹ́ 12, ẹ wá ìjókòó tí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ tó 14. Egungun obìnrin sábà máa ń jìnnà sí ara wọn ju ti ọkùnrin lọ, nítorí náà kí tọkọtaya má ṣe rò pé ìjókòó kan yóò tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn.

Àwọn tí ń díje nínú Tour du Faso, eré kẹ̀kẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Burkina Faso ní ọdún 1987, ń lo ìjókòó tínrín. Ẹ má ṣe wò wọ́n. Wọ́n ń tẹ̀ síwájú gan-an, agbára tí wọ́n sì fi ń wa kẹ̀kẹ́ ń gba díẹ̀ lára ìwúwo wọn kúrò lórí ìjókòó. Ẹni tí ó nàró lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nílò èyí tí ó fẹ̀.

Bí a ti ń tò ó

Ọ̀pọ̀ ìgbà, sípánà nìkan ni ó máa ń yanjú ọ̀rọ̀ náà láìra ohun titun. Ẹ jẹ́ kí ìjókòó náà tẹ́jú. Bí ẹ bá yí i, imú ni kí ó lọ sílẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá lọ sílẹ̀ jù, ẹ ó máa yọ̀ síwájú, ọwọ́ yín ni yóò sì kú. Ní ti gíga rẹ̀, ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ pẹ́dà nígbà tí ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá: ẹsẹ̀ yẹ kí ó nà tán. Bí ìjókòó bá ga jù, ìdí yóò máa fì sí ọ̀tún àti òsì, awọ itan yóò sì bó.

Lójú ọ̀nà, ẹ máa dìde dúró lórí pẹ́dà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè kọjá. Ẹ yẹra fún ṣòkòtò tí ojú rírán rẹ̀ nípọn lábẹ́. Òrí tí a fi pa itan ṣáájú ìrìn kì í jẹ́ kí awọ bó, ó sì wọ́n níwọ̀nba.

Bí ojú ara bá kú tí kò sì padà bọ̀ sípò láàárín ọjọ́ kan, bí ìtọ̀ bá ṣòro tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, tàbí tí eéwo bá jáde pẹ̀lú ibà, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ pé kẹ̀kẹ́ ni ẹ ń gùn. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ fi falẹ̀ rárá.

Ọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí dókítà, a ṣàyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò ga. A sọ imú ìjókòó rẹ̀ kalẹ̀, ó sì fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìyàwó rẹ̀ ni ó wá bá mi nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó ní kí n bá àwọn yòókù tún tiwọn ṣe.