ÌJÀPÁ TÓ TI KÚ LÈ JÍ, ṢÙGBỌ́N ẸNI TÓ BÁ FI PẸ́ŃTÌ BẸ̀RẸ̀ Á SUNKÚN!

Ẹni tó bá ti gba oríta Ìtamága kọjá rí ní Ìkòròdú mọ̀ pé ibẹ̀ kì í sùn. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ́ ti yà, tí ọ̀nà kejì ń lọ sí Ìmọ̀ta, Ìtòíkín, títí dé Ẹ̀pẹ́. Kọ̀rọ́pẹ̀ ń fọn fèrè, máruwá ń já ọ̀nà gbà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tá a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí kì í pariwo. Ẹ̀yìnkùlé ló wà. Koríko ti hù yí i ká, adìyẹ ti sọ àga ẹ̀yìn rẹ̀ di ibi tó ń yé ẹyin sí. Volkswagen tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá ni.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ láàárín ìyá àti ọmọ. Ọmọ á ti jáde ìwé mẹ́wàá, á ti lo bí ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ mẹkáníìkì, á wá rántí Ìjàpá tí bàbá bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. "Màmá mi, ẹ jọ̀ọ́, owó àjọ tẹ́ ẹ fẹ́ kó yẹn, ẹ yá mi níbẹ̀. Mo fẹ́ tún mọ́tò Bàbá ṣe." Ìyá tó ń ta tòmátì mọ̀ pé owó ọjà ni wọ́n ní kóun kó lé orí irin tó ti dípẹtà. Bó bá kọ̀, ọmọ á ní màmá òun ò fẹ́ kóun gòkè. Bó bá gbà, tí wọn ò sì mọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbé e gbà, tòmátì lọ, mọ́tò ò rìn.

Àìsàn kọ́ ló ń ṣe ọmọ náà o. Ní California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láti bí ọdún 1930 síwájú, àwọn ọ̀dọ́ tí kò rówó ra mọ́tò tuntun máa ń lọ ra Ford àlòkù. Wọ́n á yọ madigáàdì rẹ̀ dànù kó lè fúyẹ́, wọ́n á tún ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣe kó lè sáré, wọ́n á wá gbé e lọ sí adágún gbígbẹ tó ń jẹ́ Muroc láti bá ara wọn díje. Hot rod ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ford 1932 ni wọ́n fẹ́ràn jù, torí ọdún yẹn ni Ford gbé ẹ́ńjìnì V8 tí mẹ̀kúnnù lè rà jáde. Nígbà tí ogun Hitler parí ní 1945 táwọn sójà padà sílé, ọ̀rọ̀ náà gbilẹ̀ débi pé ní 1948 wọ́n dá ìwé ìròyìn tó ń jẹ́ Hot Rod sílẹ̀ fún un. Títí dòní, àwọn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ohun tí kò bá sí láyé ìgbà yẹn, wọn ò ní fi kan mọ́tò wọn.

Àwa náà ò kẹ̀rẹ̀. Bọ́lẹ̀kájà táwọn bàbá wa wọ̀, ṣé òyìnbó ló kan pákó rẹ̀ ni? Ẹ́ńjìnì àti férémù Bedford ló ti òkè òkun wá, káfíńtà wa ló kọ́ ilé lé e lórí. Mọlué náà, Mercedes 911 ló wà nísàlẹ̀, wẹ́dà àti páńẹ́ẹ̀lì-bítà Èkó ló ṣe gbogbo òkè rẹ̀. Ìjàpá pàápàá, ọmọ ilé ni. Ní 1975 ni Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Mexico ni wọ́n ti ṣe èyí tó kẹ́yìn lágbàáyé ní July 2003, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ju mílíọ̀nù 21 lọ.

Ọ̀gá tó bá mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì tún odidi mọ́tò tò rí gbé sípánà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìwé àti báírò ló máa ní kó mú wá. Ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kùn ún ní pupa, kí wọ́n lè rí i pé a ti ń ṣe é."

"Pupa kẹ̀? Gbé àga ẹ̀yìn yẹn kúrò ná."

Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì Ìjàpá ń gbé. Áásìdì tó bá ń kán níbẹ̀ á jẹ irin ilẹ̀ ọkọ̀ bí ikán ṣe ń jẹ àjà. Ọ̀gá á fi ṣúkúrù-díráfà gún un. Bó bá wọlé, owó wẹ́dà ló ṣíwájú nínú ìwé. Á tún gún irin tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá lọ́tùn-ún lósì, torí òun ló di ọkọ̀ náà mú. Bí ilẹ̀ bá ti jẹrà, tí irin méjèèjì náà tún ti lọ, ká má tan ara wa jẹ, ẹ fi mọ́tò yẹn sílẹ̀ fún adìyẹ.

Lẹ́yìn irin, ó kan pátíkúlà. Orúkọ ta ló wà níbẹ̀? Orúkọ Bàbá àgbà ni. Nígbà tí mọ́tò kú sí ẹ̀yìnkùlé, kò sẹ́ni tó bi í. Ọjọ́ tó bá jí báyìí làwọn ẹ̀gbọ́n bàbá máa rántí pé ogún ni. Kí ìyá tó kó kọ́bọ̀ sílẹ̀, kó pe ẹbí jọ, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ yìí ni wọ́n fún, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Kí wọ́n sì wo nọ́ńbà ẹ́ńjìnì, bóyá ó bá ti inú ìwé mu, torí ọlọ́pàá ò ní bẹ̀bẹ̀ kó tó wò ó.

Bíréèkì ló kàn, kì í ṣe ẹ́ńjìnì. Ọmọ ò ní fẹ́ gbọ́ èyí rárá, torí ẹ́ńjìnì ló ń pariwo. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá tó ti pẹ́ gan-an jẹ́ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni omi bíréèkì ń gbà dé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ibì kan bá bẹ́, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn.

Ẹ́ńjìnì Ìjàpá dùn ún kọ́ ọmọ níṣẹ́. Ẹ̀yìn ló wà, nọ́ọ̀tì ńlá mẹ́rin ló so ó mọ́ gíá, èèyàn méjì àti jáàkì lè sọ ọ́ kalẹ̀. Kò ní rédíétọ̀, atẹ́gùn ló ń tù ú. Fáànù ló ń fẹ́ atẹ́gùn náà, àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yí ẹ́ńjìnì ká ló sì ń darí rẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì kan á yọ irin wọ̀nyẹn dànù pé wọ́n ń dí àwọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní Ìjàpá ò ṣeé gbé rìn jìnnà, ó ń gbóná! Kí ọmọ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó máa wá èyí tó bá sọnù kiri Ládípọ̀. Ọ́ìlì rẹ̀ ò ju lítà 2.5 lọ, torí náà kò sí àwáwí fún ẹni tí kò bá pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò.

Rọ́bà tó ń gbé epo bẹntiróòlù wọ ẹ́ńjìnì ńkọ́? Owó rẹ̀ ò tó nǹkan, àmọ́ òun ló ti sun ọ̀pọ̀ Ìjàpá kanlẹ̀. Ó máa ń gbẹ, á sán, epo á kán sórí irin gbígbóná. Ẹ̀yìn ni iná ti ń jó, iwájú ni dírẹ́bà ń wò.

Àwọn ọ̀dọ́ kan á ní àwọn ò fẹ́ ti àtijọ́. Ní 2014, ìròyìn gbé e pé Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ílé-Ifẹ̀, sọ Ìjàpá di ọkọ̀ tó ń fi oòrùn àti atẹ́gùn rìn. Iṣẹ́ ńlá ni, a kí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tún mọ́tò tò fún ìgbà àkọ́kọ́, kó kọ́kọ́ dá a padà sí bó ṣe jáde láti ilé iṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kó dárà tó bá wù ú.

Ní ti owó, kí ìyá má kó gbogbo àjọ lé ọmọ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kó san ti wẹ́dà, kó lọ fojú ara rẹ̀ wo ilẹ̀ mọ́tò, kó tó san ti bíréèkì. Kó bi ọ̀gá léèrè: "Ọ̀gá, èwo lẹ ṣe lọ́sẹ̀ yìí?" Ọ̀gá tó bá bínú sí ìbéèrè yẹn, kó wá òmíràn.

Pẹ́ńtì ló kẹ́yìn. Tó bá fẹ́ pupa, kó kùn ún ní pupa.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé e jáde, kó jẹ́ ìdájí, kí ọ̀gá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, kí wọ́n rọra lọ díẹ̀ lọ́nà Ìjẹ̀dẹ́, kí wọ́n dúró, kí wọ́n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó bá gbóná ju ìyókù lọ, bíréèkì ló ń dì í mú, kí wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá ò gbọdọ̀ tíì wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, kódà bó bá ti wé gèlè.