Ṣé o mọ̀? Ìgbà 116 ni Cubs borí, síbẹ̀ pálábá wọn ségi

Ṣé o mọ̀ pé lọ́dún 1906, ẹgbẹ́ agbábéésìbọ́ọ̀lù Chicago Cubs ní Amẹ́ríkà borí nínú eré 116, tí wọ́n sì pàdánù 36 péré? Ó di ọdún 2001 kí ẹgbẹ́ mìíràn, Seattle Mariners, tó bá wọn dọ́gba. Ṣùgbọ́n eré 162 ni Mariners gbá. Ti Cubs kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà tiwọn ṣì ta yọ.

Ẹni tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé nínú ìtàn yìí ni Mordecai Brown, agbábọ́ọ̀lù Cubs. Ẹ̀rọ oko ló ṣe ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ léṣe nígbà tó wà lọ́mọdé. Ọwọ́ tó lábùkù yẹn gan-an ló ń fi ju bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù náà á sì yà bàrá kí ẹni tó fẹ́ gbá a tó mọ̀. Eré 26 ló borí lọ́dún náà. Akọni ni!

Nígbà tí àṣekágbá dé, ará ilé ló rẹ́yìn Cubs. Chicago White Sox, tí wọ́n ń sọ pé kò mọ bọ́ọ̀lù gbá, nà wọ́n ní eré 4 sí 2.

Cubs gba ife-ẹ̀yẹ ní 1907 àti 1908. Ó di ọdún 2016 kí wọ́n tó tún gbà á.