Yíyan Ètò Alákòóso fún Kọ̀ǹpútà Ilé

Olùkọ́ tí ń gbé ní Ìdànrè, tí ó sì ní kọ̀ǹpútà tí ó ti ń lò láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, lè ti bá ìṣòro kan pàdé láìpẹ́ yìí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú tí ó ń ṣe fún Windows 10 dúró. Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ ń béèrè ohun èlò ààbò kan tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò ní. Ṣé kí olùkọ́ náà wá sọ kọ̀ǹpútà tí ó ṣì lágbára nù, kí ó sì fi owó kòkó ọdún kan ra òmíràn? Kò di dandan.

Ètò alákòóso ni olórí ilé nínú kọ̀ǹpútà. Òun ni ó ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ń tẹ bọ́tìnnì, tí ó ń pín iṣẹ́ fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, tí ó sì mọ ibi tí a kó ìwé pamọ́ sí. Windows jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Ní 1983, Richard Stallman dá iṣẹ́ GNU sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki, bẹ̀rẹ̀ sí kọ Linux. Iṣẹ́ méjèèjì para pọ̀ di ètò tí orísun rẹ̀ ṣí sílẹ̀: ẹnikẹ́ni lè lò ó láìsanwó, kí ó wo bí a ti ṣe é, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fún ẹlòmíràn.

Oríṣiríṣi ni Linux, nítorí náà ni ó fi yẹ kí á fara balẹ̀ yàn. Ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ Leapsoft gbé Wazobia Linux jáde rí, èyí tí ó lo Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò. Ìsapá tí ó yẹ kí á yìn ni, ṣùgbọ́n ètò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ́jú lónìí ni ó yẹ kí olùbẹ̀rẹ̀ mú. Ubuntu, tí Mark Shuttleworth ọmọ Gúúsù Áfíríkà dá sílẹ̀ ní 2004, wà nínú wọn. Orúkọ rẹ̀ sún mọ́ ohun tí Yorùbá ń pè ní ìwà ọmọlúàbí. Linux Mint, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2006, ni ó rọrùn jù fún ẹni tí ń ti Windows bọ̀, nítorí pé ìrísí wọn jọra. Bí kọ̀ǹpútà bá ti gbó, kí ó mú Mint tí a pè ní Xfce. Àyè ìrántí gígábáìtì 2 lè gbé e, ṣùgbọ́n 4 ni ó tẹ́ni lọ́rùn.

Kò sí ìdí láti fi ojú dídì rà á. A lè kó Mint sórí fláàṣì gígábáìtì 8, kí á sì tan kọ̀ǹpútà láti ibẹ̀ láìfọwọ́ kan ohunkóhun tí ó wà nínú rẹ̀. Nígbà náà ni kí á dán íntánẹ́ẹ̀tì, ohùn àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wò. Kí á yan àtẹ ìkọ̀wé Yorùbá tí ó wà lábẹ́ Nàìjíríà, kí á sì kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Ìdánwò yìí kì í ṣe eré, nítorí pé bí àmì bá sọnù nínú ìwé ìdánwò, ọkọ́ àgbẹ̀ lè di ọkọ ìyàwó lójú akẹ́kọ̀ọ́.

Àléébù kò ṣàì sí. Microsoft Word kì í ṣiṣẹ́ lórí Linux bí ó ti ń ṣe lórí Windows. LibreOffice ni a ń lò dípò rẹ̀. Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ẹni tí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ bá so mọ́ ètò tí Windows nìkan lè gbé, kí ó ro ó dáadáa.

Nígbà tí àwọn ará Ìdànrè sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Ìdànrè wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè títí di òní. Kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀: bí a bá fi Linux rọ́pò ohun tí ó wà níbẹ̀, gbogbo ìwé àtijọ́ lè parẹ́. Nítorí náà, kí á kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ohun gbogbo sí ibòmíràn, kí á tó ṣí ilé.