Àbùùbùtán ń kọjá lójú òkun wa, ẹran nìkan la mọ̀ ọ́n sí

Ẹ wo orúkọ tí àwa Yorùbá fún ẹ̀dá tó tóbi jù lọ nínú òkun: àbùùbùtán. Ohun téèyàn ń bù, tó tún ń bù, tí kò lè bù tán. Orúkọ ọ̀bẹ rèé o. Èrò tèmi ni pé ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yìí kò rí i láàyè rí, òkú rẹ̀ ló bá létí omi. Títí dòní náà, tí ìgbì bá gbé òkú ọ̀kan wá sí etíkun wa, àdá àti ike làwọn èèyàn máa ń gbé lọ pàdé rẹ̀.

Bonsu ni àwọn Asante ilẹ̀ Gánà ń pè é. Nígbà tí ọba wọn, Osei Tutu Kwame, ṣẹ́gun àwọn Fante títí dé etí òkun lọ́dún 1807, orúkọ yẹn ló fi kún tiẹ̀, tí wọ́n fi ń pè é ní Osei Bonsu. Ọba lọ́hùn-ún fi ṣe oríkì, àwa fi ṣe ọbẹ̀.

Ọmọ Ògèrè Rẹ́mọ ni mí. Ẹni tó bá ti gba márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kọjá rí mọ ìlú wa, tírélà ni wọ́n fi ń dá wa mọ̀. Wọ́n á ti Apápá bọ̀, wọ́n ń lọ sókè Ọya, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń sinmi. Nítorí náà, ohun ńlá kì í tètè ya irú mi lẹ́nu. Àmọ́ nígbà tí mo gbọ́ pé ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ gbé àlejò láti Kútọnu lọ wo àbùùbùtán láàyè, mo ní èyí ò ṣeé gbọ́ lẹ́nu ẹlẹ́nu. Oṣù Kẹsàn-án ni mo lọ. Mi ò ní ka iye ibi tí wọ́n ti dá wa dúró láàárín Àgbádárìgì àti Sẹ̀mẹ̀, ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ ọ́n.

Ọkọ̀ apẹja ni wọ́n fi gbé wa, a ò ju mẹ́sàn-án lọ. Atukọ̀ náà kò tan ẹ́ńjìnnì títí tí ẹni ìkẹyìn fi de láìfù-jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pinpin. Obìnrin kan ní tòun ń rùn bí ẹja. Bàbá yẹn kàn ń wò ó ni, kò sọ̀rọ̀, kò sì ṣíná. Nígbà tó yá, obìnrin náà wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọ ọkọ̀ ojú omi nílẹ̀ wa rí, ẹ bá mi fi wé tiwa.

Fún bíi wákàtí kan, a ò rí nǹkan kan, àfi èébì tí mo ń bì. Ọmọkùnrin tó ń ran atukọ̀ lọ́wọ́, ará Àjàṣẹ́, tó ń sọ Yorùbá geerege, ló ń sọ fún mi pé, "Bàbá, ẹ má dìde o. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ jókòó wò ó."

Ó mí kí n tó rí i. Ìró yẹn, mo mọ̀ ọ́n láti kékeré: bí ìgbà tí tírélà bá tẹ bíréèkì tí afẹ́fẹ́ tú jáde, ṣììì! Lẹ́yìn náà ni ẹ̀yìn dúdú kan yọ, tó ń gùn lọ, tí kò tán bọ̀rọ̀. Ìyẹn ga-n-ga bíi kọ̀ǹténà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà ogójì. Kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kíá ni atukọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ nǹkan lédè Ègùn.

"Wọ́n ní abiyamọ ni," ọmọ Àjàṣẹ́ yẹn túmọ̀ rẹ̀. "A kì í sún mọ́ abiyamọ."

Lóòótọ́, ibi ìkúnlẹ̀ wọn ni òkun wa yìí. Irú tí Òyìnbó ń pè ní humpback ni. Ìsàlẹ̀ ayé lọ́hùn-ún, lẹ́bàá yìnyín Antarctica, ni wọ́n ti ń jẹun. Tí òtútù bá mú jù níbẹ̀, wọ́n á gbéra wá sínú omi wa tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, láti nǹkan bí oṣù Keje sí oṣù Kọkànlá. Oyún wọn tó oṣù mọ́kànlá. Ọmọ tuntun ń gùn tó mítà mẹ́rin, ó ń wọ̀n tó tọ́ọ̀nù kan. Ìyá kì í fẹ́ẹ̀ẹ́ jẹ nǹkan kan ní gbogbo àsìkò yẹn. Ọ̀rá ara rẹ̀ ló ń jẹ, òun náà ló ń sọ di wàrà fọ́mọ. Ọmọ ọ̀hún kò sì lè sé èémí pẹ́ bíi ti ìyá, ojú omi ni àwọn méjèèjì máa ń wà.

Ibi tó ń dùn mí nìyẹn. Omi tó wà níwájú Kútọnu náà ló nà dé iwájú Àgbádárìgì, dé Lekki, dé Ogun Waterside ní ìpínlẹ̀ tiwa. (Ọ̀pọ̀ ọmọ Ògùn ò tiẹ̀ mọ̀ pé a ní òkun.) Wọ́n ṣí èbúté ńlá Lekki ní oṣù Kìíní ọdún 2023, àwọn ọkọ̀ rìbìtì-rìbìtì ti ń wọlé. Lọ́dún 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà etíkun Èkó sí Kàlàbá, tó tó 700 kìlómítà, ilẹ̀ Ògùn náà wà lára ibi tó máa gbà. Ọkọ̀ tó ń sáré kì í rí abiyamọ tó sinmi sójú omi.

Àwọn ẹranko yìí ti fojú rí màbo. Àwọn ará Norway pa wọ́n nípakúpa létí òkun Gabon kí ogun 1914 tó dé, wọ́n sì tún ń pa wọ́n níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1950. Ìgbà tí àdéhùn àgbáyé fòfin de pípa wọn fún òwò, láti àwọn ọdún 1960, ni iye wọn tó ń gbérí. Gabon dá ọgbà ìtọ́jú ẹ̀dá 13 sílẹ̀ lọ́dún 2002, ti Mayumba sì wọ inú òkun lọ.

Kí ìjọba Èkó àti Ògùn kọ́kọ́ lọ bá àwọn apẹja jókòó, àwọn ló mọ ibi tí àbùùbùtán máa ń yọ sí àti oṣù wo. Kí wọ́n ní kí ọkọ̀ òkun rọra rìn níbẹ̀ láti oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá. Ẹni tó bá fẹ́ gbé àlejò lọ wò wọ́n, kó kọ́kọ́ fi láìfù-jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ hàn wá. Atukọ̀ Kútọnu yẹn ní ọjọ́ tí òun bá gbé àlejò, òun kì í ju àwọ̀n, owó epo ò sì ń já òun láyà. Àwọn apẹja Ogun Waterside náà ń ra epo. Oṣù Keje tó ń bọ̀, àwọn abiyamọ á tún gbéra láti ìsàlẹ̀ ayé.