Ètò Ilé, Àyíká àti Ààbò Ará Ìlú ní Agbègbè Ọjà Ọba, Ìbàdàn

Àwọn àgbà a máa wí pé omi kì í ṣàn kí ó bojú wẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá dúró lórí òkè Màpó nígbà tí òjò ńlá bá ń rọ̀ yóò rí òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà. Omi tí ó bá bọ́ sí apá ìwọ̀-oòrùn òkè yóò gba àárín agbo ilé sọ̀ kalẹ̀ lọ bá odò Ògùnpa. Èyí tí ó bá bọ́ sí apá ìlà-oòrùn yóò wá ọ̀nà tirẹ̀ lọ sí Kúdẹtì. Ẹ̀bá òkè yìí ni Ọjà Ọba wà. Bẹẹrẹ wà nítòsí, Bẹ́yẹrunkà kò sì jìnnà. Omi kì í béèrè orúkọ onílé, kò sì mọ ààlà tí ìjọba fi pín ìlú. Ṣùgbọ́n ibi tí omi yóò gbà, ilé tí yóò wó, àti ẹni tí yóò sun ìta ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọwọ́ ènìyàn ni ó ti pinnu wọn tipẹ́tipẹ́ kí òjò tó ṣú. Ìpinnu bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní ètò ìlú. Bí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe ń ṣe é, àti ohun tí ó ń mú kí ó yọrí sí rere tàbí kí ó forí ṣánpọ́n, yẹ ní mímọ̀ fún gbogbo ẹni tí ń gbé nínú ìlú.

Ìbàdàn kò bẹ̀rẹ̀ láìní ètò. Ní nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn jagunjagun láti Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá tẹ̀dó síbẹ̀. Olórí ogun kọ̀ọ̀kan gba ilẹ̀, ó sì kó àwọn ìyàwó, ọmọ, ará àti ọmọ ogun rẹ̀ jọ yí ara rẹ̀ ká. Bẹ́ẹ̀ ni agbo ilé ṣe di ìpìlẹ̀ ìlú. Ọjà tí ó wà láàárín ni wọ́n pè ní Ọjà Ìbà, nítorí Ìbà Olúyọ̀lé. Orúkọ náà ni ó di Ọjà Ọba lẹ́nu àwọn ará ìlú. Nígbà tí ó fi di àárín ọ̀rúndún náà, ní ìgbà Balógun Ìbíkúnlé, odi ti yí ìlú ká.

Bí a bá fi ojú inú wo agbo ilé àtijọ́, a ó rí i pé ohun mẹ́ta tí àwọn onímọ̀ ètò ìlú ń wá lónìí wà nínú rẹ̀. Ibùgbé wà, nítorí kò sí ọmọ ilé tí kò ní ìyẹ̀wù. Ìmọ́tótó wà, nítorí àgbàlá gbàgede tí ó wà láàárín ni òjò ń rọ̀ sí, ojú àgbàrá sì ń gbé omi náà jáde. Ààtàn ní ibi tirẹ̀. Ààbò sì wà, nítorí ẹnu ọ̀nà kò pọ̀, àlejò kò lè wọlé kí ojú má rí i, mọ́gàjí sì ni olórí tí ẹjọ́ ń dé iwájú rẹ̀. Kò sí ìwé kankan tí a kọ ètò yìí sí, síbẹ̀ ètò ni.

Ohun tí ó da ètò náà rú kì í ṣe ọ̀lẹ tàbí àìmọ̀kan. Ènìyàn ni ó pọ̀ sí i. Nínú ìkànìyàn ọdún 1952, iye àwọn ará Ìbàdàn jẹ́ 459,196. Ní ọdún 1963 ó di 627,379. Ọmọ tí ó bá rí owó kòkó tàbí owó òwò a wó apá tirẹ̀ nínú agbo ilé, a sì kọ́ ilé onípáànù síbẹ̀. Ẹlòmíràn a kọ́ tirẹ̀ sí àgbàlá. Díẹ̀díẹ̀ ni àgbàlá kún, tí ojú àgbàrá sì di ẹ̀yìn ilé ẹni kan tàbí ìpìlẹ̀ ilé ẹlòmíràn. Òrùlé páànù ń da omi sílẹ̀ kíákíá ju òrùlé koríko lọ, ilẹ̀ tí ì bá sì fa omi náà mu ti di ilé. Ọ̀nà tí ènìyàn méjì lè gbà kọjá nígbà kan rí wá di èyí tí ẹni tí ó ru igbá ní láti gbà ní ẹ̀gbẹ́.

Ní ọdún 1929 ni a ṣí Gbọ̀ngàn Màpó, èyí tí ó di ojúkò ìjọba ìbílẹ̀. Láti ojú fèrèsé gbọ̀ngàn náà ni a ti lè rí òrùlé agbo ilé lọ títí. Síbẹ̀, ibòmíràn ni àwọn awọnlẹ̀ gbé okùn lọ. Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá àjọ ìkọ́lé sílẹ̀ ní ọdún 1958, Bódìjà ni wọ́n lọ kọ́ ilé sí ní ọdún 1959, pẹ̀lú títì, gọ́tà, omi ẹ̀rọ àti iná. Ẹni tí àwọn ará Ọjà Ọba mọ̀ gẹ́gẹ́ bí aṣojú ètò ìlú ni wolé-wolé. Iṣẹ́ wolé-wolé dára. Ó gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là lọ́wọ́ àrùn. Ṣùgbọ́n apá kan ni òfin rẹ̀ dojú kọ. Wolé-wolé lè mú ìyálé tí tanwíji wà nínú ìkòkò omi rẹ̀ lọ sí kóòtù. Ìyálé náà kò rí ẹni tí yóò bá a mú kánsù tí kò gbẹ́ gọ́tà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí kò sì fa omi ẹ̀rọ dé ibẹ̀ kí ìkòkò má bàa pọ̀ nílé.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Ògún ọdún 1980, òjò rọ̀ ní Ìbàdàn fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá. Ògùnpa kún, ó sì bo ilé, ọjà àti ọ̀nà. Àwọn tí ó kú ju 200 lọ. Omíyalé ni àwọn ènìyàn ń pe irú àjálù bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kan náà ní ọdún 2011, òmíràn tún ṣẹlẹ̀. Ó pa ènìyàn tí ó ju 100 lọ, ó gbé afárá lọ, kò sì yọ Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀. Òjò ti ọdún 1980 jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 274, ti ọdún 2011 sì jẹ́ nǹkan bíi 187. Òjò kejì kò tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìlú ti fẹ̀ gidigidi láàárín ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà, ilé sì ti wọ etí odò ní ibi púpọ̀. Èyí fi hàn pé kì í ṣe òjò nìkan ni ó ń ṣe ìpalára.

Àwọn àgbà sọ pé ẹni tí ó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ omi ìlú, kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó da pàǹtí sínú gọ́tà lókè kọ́ ni omi yóò wọ ilé rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹni tí ó fi sìmẹ́ńtì bo gbogbo àgbàlá rẹ̀ kọ́ ni yóò fi igbá gbọ́n omi kúrò ní yàrá. Ẹni tí kò rówó ra ilẹ̀ sí ibi gíga ni ó máa ń gba ilẹ̀ olówó pọ́ọ́kú ní etí odò. Òun náà ni a ó sì wá bá wí pé ó kọ́lé sí ojú omi. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Ní ọdún 1982, ní àgbègbè Warren ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà, ìjọba fẹ́ da iyẹ̀pẹ̀ tí ó ní májèlé sí ibi tí ó jẹ́ pé àwọn ènìyàn dúdú ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n dùbúlẹ̀ sí ojú ọ̀nà, a sì mú àwọn tí ó ju 500 lọ. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti gbilẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀: nígbà tí ìlú bá ń jẹ èrè, ta ni ń ru ẹrù ewu rẹ̀?

Ta wá ni ó ní iṣẹ́ yìí lọ́wọ́? Òfin pín in, ìpín náà sì ń fa ìdàrúdàpọ̀. Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 fi ọjà, kíkó pàǹtí, gọ́tà, àwọn ọ̀nà kékeré, àti kíkọ nọ́ńbà sára ilé sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Òfin ètò ìlú ti ọdún 1992 dá àjọ ètò sílẹ̀ ní ìpele mẹ́ta títí dé ìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2003 Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pinnu pé ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ni àṣẹ lórí ètò ìlú. Ní ọdún 1991 ni a ti pín ìjọba ìlú Ìbàdàn sí márùn-ún. Ti Gúúsù Ìlà-Oòrùn ni ó jókòó sí Màpó. Bẹ́ẹ̀ ni odò kan ṣoṣo ń gba abẹ́ ìjọba ju ọ̀kan lọ kọjá, tí ìjọba ìpínlẹ̀ sì wà lókè gbogbo wọn. Bí ìjọba kan bá gbẹ́ ojú omi tirẹ̀, tí èyí tí ó wà nísàlẹ̀ kò gbẹ́ tirẹ̀, ńṣe ni ti òkè kàn mú omi yára lọ bá ti ìsàlẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Agẹmọ ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tún pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sí ọwọ́ wọn tààrà. Àṣẹ yìí mú kí ẹ̀tọ́ ará ìlú láti béèrè gọ́tà lọ́wọ́ kánsù lágbára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ọ̀nà méjì ni ìjọba sábà máa ń gbà tún ìlú àtijọ́ ṣe. Èkíní ni kí a wó o. Èkó gbìyànjú rẹ̀. Lẹ́yìn àrùn tí eku ń gbé kiri ní ọdún 1924, ìjọba dá àjọ tí yóò tún Èkó ṣe sílẹ̀ ní ọdún 1928. Ní ọdún 1955 àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín gbùngbùn Ìsàlẹ̀ Èkó, tí ó sì ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris, onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, tọ àwọn ènìyàn náà lọ, ó sì tẹ ìwé lórí wọn ní ọdún 1961. Ohun tí ó rí ni pé ilé tuntun dára, ṣùgbọ́n ìyá jìnnà sí ọmọ, oníṣòwò jìnnà sí oníbàárà, owó ọkọ̀ sì jẹ èrè tán. Ọ̀nà kejì ni kí a tún un ṣe láìtú agbo ilé ká. Èyí ni a dán wò ní Mọ́kọ́lá àti Yemẹtù pẹ̀lú owó Báńkì Àgbáyé, láti ìparí àwọn ọdún 1980: a la ọ̀nà, a ṣe gọ́tà, a fa omi ẹ̀rọ, a sì gbìyànjú kí ilé tí a ó wó má pọ̀. Lẹ́yìn omíyalé ọdún 2011, Báńkì kan náà fọwọ́ sí owó igba mílíọ̀nù dọ́là ní ọdún 2014 láti dènà irú rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Ààbò ará ìlú kò yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ilé àti omi. Níbi tí ọkọ̀ panápaná kò lè wọ̀, iná kékeré lè jó agbo ilé. Níbi tí ilé kò ní nọ́ńbà, ẹni tí ń pe ọlọ́pàá kò lè júwe ibi tí olè wà. A kò sì gbọdọ̀ rò pé ìlú àtijọ́ nìkan ni ewu mọ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, ohun abúgbàù bú ní ilé kan ní Bódìjà, ó pa ènìyàn, ó sì ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ sọ pé àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ ni ó kó o pamọ́ síbẹ̀. Títì Bódìjà tọ́, gọ́tà rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ohun tí a ń fi ilé ṣe bọ́ lójú ìjọba. Nínú agbo ilé àtijọ́, ó ṣòro kí àlejò kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọlé kí mọ́gàjí má gbọ́.

Láti inú gbogbo èyí ni a ti lè rí bí ètò tí ó pé ṣe yẹ kí ó rí. Kí a kọ́kọ́ ya àwòrán ilé, ọ̀nà àti ojú àgbàrá bí wọ́n ti wà, pẹ̀lú mọ́gàjí àti àwọn obìnrin ilé, nítorí àwọn ni ó mọ ibi tí omi dé ní ọdún tí ó kún jù. Lẹ́yìn náà kí a wo odò láti orísun rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, kí àwọn ìjọba márààrún jókòó sí ìdí tábìlì kan. Láti ìsàlẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ gọ́tà bọ̀ lókè. Bí ilé kan bá ní láti wó kí ọ̀nà lè kọjá, kí owó rẹ̀ dé ọwọ́ onílé ṣáájú kí katakata tó dé, kí a sì wá ibùgbé fún un nítòsí ọjà tí ó ti ń jẹun. Kí a sì kọ iye owó tí a ná sí ara ògiri kánsù, kí gbogbo ènìyàn rí i.

Bí a bá fo ìkíní nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí, ètò kì í dá ewu dúró. Ńṣe ni ó ń gbé e láti ẹnu ọ̀nà kan lọ sí ẹnu ọ̀nà kejì. Òjò yóò tún rọ̀ sórí òkè Màpó, omi rẹ̀ yóò sì tún wá Ògùnpa àti Kúdẹtì lọ. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ìlú tí ó bá sì da pàǹtí àti ìwà àìbìkítà síwájú, inú rẹ̀ náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò tẹ̀.